Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ìṣàn Ẹlẹ́rẹ̀ Ṣe Ń To Ìpele Jọ sí Ibú Òkun

Kí là ń pè ní ìṣàn ẹlẹ́rẹ̀ abẹ́ òkun?

Omi òkun tí amọ̀ àti iyanrìn ti dà pọ̀ mọ́ ni. Ẹrù tó gbé yìí mú kó wúwo ju omi tó yí i ká lọ, ìwúwo náà ló sì ń fà á lọ sísàlẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn sí ìyàtọ̀ kan níbí: nínú odò, omi ló ń gbé erùpẹ̀ lọ, nínú ìṣàn abẹ́ òkun, erùpẹ̀ ló ń fa omi lọ. Ìgbà tí ẹrù náà bá ti já sílẹ̀ tán, ìrìn àjò ti parí nìyẹn.

Oríṣi méjì ni ẹ ó máa bá pàdé nísàlẹ̀ yìí. Mo ń pe àkọ́kọ́ ní ìṣàn rírú: omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń ru gùdù, ríru yẹn ló sì ń gbé iyanrìn sókè tí kò fi tètè rì. Èkejì ni ìṣàn kíki: ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò lè ru mọ́, odidi rẹ̀ ló ń wọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì dúró, odidi rẹ̀ ló ń dúró. Láàárín méjèèjì ni ohun tó ṣòro jù lọ láti lóye wà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ ká pẹ́ sí.

Kí ló ń gbé e dìde?

Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ilẹ̀ mì, ẹrẹ̀ tí kò tíì le tó wà létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ òkun ya lulẹ̀, ó ń fọ́ bó ṣe ń lọ, omi ń wọ inú rẹ̀, ó sì di ìṣàn. Ìjì líle náà lè ṣe é. Àkúnya odò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í rọrùn tó bí a ṣe rò. Omi òkun wúwo ju omi odò lọ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, nítorí náà omi odò sábà máa ń léfòó lórí òkun. Kó tó lè rì lọ sísàlẹ̀ tààrà, ó gbọ́dọ̀ gbé bíi gíráàmù 40 erùpẹ̀ nínú lítà omi kan. Odò tó ń gbé tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé odò á kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹnu ibi tó ti ń wọ òkun, ẹrẹ̀ náà á jókòó síbẹ̀, títí ohun kékeré kan á fi tì í ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́nu odò Kóńgò. Àkúnya ńlá dé ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìṣàn kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí omi òkun ń ga jù tó sì ń fà sẹ́yìn jù nínú oṣù, kí ẹrẹ̀ tó ṣí.

Báwo ló ṣe ń yára tó, ibo ló sì ń dé?

Wáyà tó ń gba abẹ́ òkun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé mọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1929, ilẹ̀ mì nítòsí Grand Banks, létí òkun Kánádà. Wáyà tẹligíráàmù méjìlá ló já. Àwọn tó wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti mì já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jìnnà sí i lẹ́yìn èyí tó súnmọ́, fún wákàtí tó lé ní mẹ́tàlá. Ìgbì òkun tó tẹ̀lé e pa èèyàn bíi méjìdínlọ́gbọ̀n ní Newfoundland. Àkọsílẹ̀ àsìkò tí wáyà kọ̀ọ̀kan já wà nílẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogún kí Bruce Heezen àti Maurice Ewing tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1952: ohun kan ló ń sáré lórí ilẹ̀ abẹ́ òkun, tó ń já wọn bó ṣe ń kọjá. Ìṣirò wọn fi hàn pé eré rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 100 ní wákàtí kan níbi tó ti yára jù, àwọn tó tún un ṣírò lẹ́yìn wọn sì fi í sí nǹkan bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan.

Ti Kóńgò náà jìnnà gan-an. Láti ọjọ́ 14 sí 16 oṣù Kìíní ọdún 2020, ìṣàn kan gba àfonífojì abẹ́ òkun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu odò náà, ó rin ohun tó ju kìlómítà 1,100 lọ, ó sì já wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì SAT-3 àti WACS. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò rẹ̀ ẹ́ lọ́nà: bíi mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó máa fi jìnnà, ó ti tó mítà mẹ́jọ. Ó ń wú ilẹ̀ tó ń gbà kọjá, ó ń fi ẹrẹ̀ tuntun kún ẹrù rẹ̀, ẹrù tó ń pọ̀ sí i yẹn ló sì ń lé e síwájú.

Ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ṣé ìyàtọ̀ kan wà tó kọjá títóbi?

Ó wà, ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ dúró lé. Iyanrìn ni ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín mìlímítà méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún mìlímítà kan. Amọ̀ kéré ju ìdá kan nínú igba ó lé àádọ́ta mìlímítà lọ. Tí a bá da hóró amọ̀ kan ṣoṣo sójú òkun tó jìn ní mítà 4,000, tí kò sì lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ó lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó kan ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í dá wà nínú òkun. Hóró rẹ̀ fẹlẹ́ bí ìwé, iná mànàmáná díẹ̀ wà lára rẹ̀ tó máa ń mú kí wọ́n lé ara wọn sẹ́yìn nínú omi tí kò ní iyọ̀. Iyọ̀ òkun ń pa agbára yẹn kù, hóró á wá súnmọ́ra, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di ìṣù kéékèèké. Ìṣù wọ̀nyí ń yára rì ju hóró ẹyọ kan lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí wọ́n bá sì pọ̀ tó nínú omi, wọ́n á so kọ́ra láti ìsàlẹ̀ dókè, omi náà á di ohun tó lágbára láti kọ̀ fún rírú.

Iyanrìn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣàn oníyanrìn àti ìṣàn ẹlẹ́rẹ̀ kò fi lè fi irú ìpele kan náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ìṣàn kan ṣoṣo ṣe lè fi ìpele púpọ̀ sílẹ̀?

Ẹ wá ìgò tí ojú rẹ̀ mọ́, ẹ bu iyanrìn àti amọ̀ sí i, ẹ fi omi kún un, ẹ dé e, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ gbé e kalẹ̀. Kí ẹ tó ka ogún, iyanrìn tó tóbi ti wà nísàlẹ̀. Èyí tó kúnná tẹ̀lé e. Omi òkè ṣì rú, ó sì lè rú di ọjọ́ kejì, kí amọ̀ tó wá tẹ́ ara rẹ̀ sórí gbogbo rẹ̀. Ìgbọ̀n kan ṣoṣo ni, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sì wà nísàlẹ̀ ìgò ti ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ: èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kúnná lókè.

Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Philip Kuenen, àti ará Ítálì, Carlo Migliorini, ló kọ ọ́ ní 1950 pé ìṣàn rírú ló ń ṣe irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí nínú àpáta. Ní 1962, Arnold Bouma tó ṣe iṣẹ́ lórí àpáta gúúsù Faransé ṣe àlàyé tó kún sí i, nítorí òkun kì í ṣe ìgò: omi ń sáré bí ẹrù ṣe ń já. Ìpele márùn-ún ló kà. Nísàlẹ̀ pátá, iyanrìn tí kò ní ìlà kankan nínú, torí ó já lulẹ̀ wìtìwìtì tí ìṣàn kò ráyè tò ó. Lórí rẹ̀, iyanrìn tó ní ìlà gbọọrọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iyanrìn kíkúnná tó ká bí ìgbì kéékèèké, àmì pé eré ti dínkù. Lẹ́yìn náà, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Òkè pátá ni ẹrẹ̀. Ìpele márààrún kì í sábà pé níbì kan ṣoṣo; nítòsí orísun, ti ìsàlẹ̀ ló pọ̀, bí a bá sì jìnnà, ti òkè nìkan ló ń kù.

Ṣé gbogbo ìpele ibú òkun ló ń tẹ̀lé ètò Bouma?

Rárá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi dandan mú kí gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé e, ohun tí kò bá tẹ̀lé e, wọ́n á ní ìṣàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi í sílẹ̀. Ètò Bouma ka ẹrẹ̀ sí ohun tó ń dúró de ìgbà tí gbogbo nǹkan bá parí kó tó jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìṣàn tí ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń pinnu bí gbogbo nǹkan á ṣe rí láti àárín ọ̀nà.

Ní 2009, Peter Haughton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ irú ìpele mìíràn tí wọ́n ti ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí tí ìṣàn rírú àti ìṣàn kíki jọ fi sílẹ̀ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Mo máa ń pè é ní ìpele alábùlà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Iyanrìn mímọ́ ló wà nísàlẹ̀, ó le, kò ní ẹrẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè, ọ̀já dúdú àti ọ̀já funfun bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ara wọn: ibi tó funfun kò ní ẹrẹ̀ púpọ̀, ibi tó dúdú ní. Lẹ́yìn èyí, lójijì, ìpele kan tó rí wúruwùru. Hóró iyanrìn inú rẹ̀ kò kan ara wọn; inú ẹrẹ̀ ni wọ́n há sí. Ègé ẹrẹ̀ líle tí ìṣàn wú láti ilẹ̀ wà níbẹ̀, òmíràn tóbi ju orí èèyàn lọ, òmíràn ti fà bíi rọ́bà. Ègé igi àti ewé tó ti di dúdú náà wà níbẹ̀. Nígbà míì, iyanrìn ìsàlẹ̀ tí ẹrù lórí rẹ̀ ń tẹ̀ kí omi inú rẹ̀ tó jáde tán á gún sókè wọ inú ẹrẹ̀ yìí. Lórí gbogbo ìwọ̀nyí, iyanrìn tín-ín-rín tó ní ìlà, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹni tó mọ ètò Bouma nìkan á rí ìpele yìí, á ní ìpele àárín yẹn kò bójú mu. Iyanrìn yẹ kó ti rì kúrò nínú ẹrẹ̀. Kò rì, nítorí ẹrẹ̀ náà ti ki kí iyanrìn tó ráyè bọ́.

Báwo ni ìṣàn rírú ṣe wá ń di kíki lójú ọ̀nà? Ṣé kò yẹ kó máa ṣàn sí i ni?

Ìbéèrè tó dára gan-an ni, torí ohun tí ọgbọ́n orí ń sọ ni pé bí ìṣàn bá ṣe ń jìnnà ni omi á máa pọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan méjì ló ń yí i padà.

Èkínní ni pé ìṣàn ń jẹ ilẹ̀. Bó bá gba orí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kọjá, ó ń wú ègé ẹrẹ̀, àwọn ègé yìí ń gbára wọn, wọ́n ń fọ́, amọ̀ inú wọn sì ń tú sínú ìṣàn. Ìṣàn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn lè wá di ẹlẹ́rẹ̀ láàárín kìlómítà mélòó kan. Èkejì ni eré. Ríru gùdù ló ń tú ìṣù amọ̀ ká. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí eré dínkù, ríru á dínkù, ìṣù á so kọ́ra. Síso wọn yẹn á tún pa ríru kù sí i. Ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́, ìyípadà náà sì lè yá.

Jaco Baas àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wò ó nínú ọpọ́n omi gígùn ní yàrá ìwádìí. Wọ́n ń fi amọ̀ kún omi tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lòdì sí ohun tí ẹnikẹ́ni á rò: amọ̀ díẹ̀ ń mú kí omi ru sí i nítòsí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, apá òkè ìṣàn á di odidi kan tí kò rú mọ́, tí ń rìn lórí ìsàlẹ̀ tó ṣì ń ru. Odidi yẹn á máa nípọn sí i bí amọ̀ ṣe ń pọ̀, títí ríru á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Irú amọ̀ náà ṣe pàtàkì: bentonite ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀n tó kéré gan-an sí ti kaolinite.

Àpẹẹrẹ tó wú mi lórí jù lọ wà nínú òkun níwájú Mòrókò, nínú ìpele kan tó ti tó ọdún 60,000. Peter Talling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2007 pé ìṣàn tó fi í sílẹ̀ rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láìfi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ló wá dá a dúró? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ yí láti dígírì 0.05 sí dígírì 0.01. Ẹ wò ó báyìí: níbi àkọ́kọ́, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ní ohun tí kò tó mítà kan láàárín kìlómítà kan, níbi kejì, kò tó ogún sẹ̀ǹtímítà. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Ìṣàn náà mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù, tí apá kan rẹ̀ sì ki.

Báwo la ṣe ń mọ ẹrẹ̀ tí ìṣàn gbé wá yàtọ̀ sí èyí tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ojú òkun?

Ẹrẹ̀ tó ń rọ̀ láti òkè máa ń ní karawun àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ń léfòó lójú omi, kòkòrò sì ti gbẹ́ inú rẹ̀ jákèjádò, torí wọ́n ní àkókò tó pọ̀. Èyí tí ìṣàn gbé wá sábà máa ń ní ìlà tín-ín-rín nínú, ó ń kúnná sí i bó ṣe ń lọ sókè, ihò kòkòrò sì máa ń wà ní òkè rẹ̀ nìkan, níbi tí wọ́n ti wọlé lẹ́yìn tí ìṣàn ti lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ẹrẹ̀ nílò omi tó dúró jẹ́ẹ́ kó tó lè jókòó. Ní 2007, Juergen Schieber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìṣù amọ̀ lè máa yí lórí ilẹ̀ nínú omi tó ń sáré, kó sì máa to ìpele bí iyanrìn ṣe ń ṣe. Àpáta ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n ti pè ní iṣẹ́ omi tó pa rọ́rọ́ pọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n tún un wò.

Ọdún mélòó ni ìpele kan ń gbà?

Ìṣàn lè fi ìpele tó nípọn ní mítà kan sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan. Ẹrẹ̀ tó ń rọ̀ sórí rẹ̀ láàárín òkun tó jìnnà sí ilẹ̀ lè máà ju mìlímítà díẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀rún ọdún.

Ibo la ti lè fojú rí wọn lórí ilẹ̀?

Níbi tí òkè ti gbé ilẹ̀ abẹ́ òkun àtijọ́ sókè. Èyí táwọn onímọ̀ mọ̀ jù ni Marnoso-arenacea, nínú àwọn òkè Apennines ní Ítálì. Wọ́n tẹ̀lé ìpele ẹyọ kan níbẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, ìyẹn ni wọ́n fi rí i pé ìpele kan náà lè jẹ́ iyanrìn mímọ́ níbì kan, kó jẹ́ alábùlà níwájú, kó sì tún di tín-ín-rín bó ṣe ń parí. Ẹni tó bá wo ibì kan ṣoṣo kò tíì rí ìṣàn náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wádìí ohun tó wà nínú òkùnkùn, tó sì ń fọ́ ẹ̀rọ?

Ó ń fọ́ ọ lóòótọ́. Láti 2015 sí 2017, wọ́n to ẹ̀rọ sí àfonífojì Monterey nísàlẹ̀ òkun létí California, ìṣàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán ni wọ́n rí gbà sílẹ̀, èyí tó yára jù sì lé ní mítà méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbé férémù irin ńlá kúrò ní àyè rẹ̀. Ní Kóńgò, ìṣàn 2020 já ẹ̀rọ àwọn onímọ̀ kúrò lórí ìdákọ̀ró wọn. Àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já àti àkókò tí wáyà já ni wọ́n fi ṣírò eré rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ti páìpù gígùn bọ ilẹ̀ abẹ́ òkun, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á sì máa ka ìpele inú rẹ̀.

Kí ni ìwádìí yìí ń ṣe fún aráyé?

Wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹni tó ń wá ọ̀nà tí wáyà máa gbà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìṣàn ń gbà. Àwọn tó ń wa epo náà ní láti mọ̀ ọ́n: epo ń rìn nínú iyanrìn mímọ́, àmọ́ ìpele wúruwùru ti ìpele alábùlà ń dí i lọ́nà, kànga méjì tó súnmọ́ra sì lè yàtọ̀ síra pátápátá. Ìṣàn yìí tún ń gbé ewé, igi àti àwọn ohun jíjẹrà mìíràn lọ sin sí ibú, káábọ́ọ̀nù inú wọn á sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ń gbé ègé ike wa lọ síbẹ̀ náà.

Ṣé a lè fi ìpele ka ìmìtìtì ilẹ̀ àtijọ́?

A lè kà á níbi tí ẹ̀rí bá ti dúró dáadáa, Cascadia ló sì dára jù láti fi ṣàlàyé. Ibẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá. Òkè ayọnáyèéfín Mazama bú gbàù ní bíi ọdún 7,700 sẹ́yìn, eérú rẹ̀ dé inú òkun, ó sì jẹ́ àmì tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ìpele ìṣàn mẹ́tàlá ni wọ́n rí lórí eérú náà nínú ọ̀nà omi abẹ́ òkun bíi mélòó kan tó jìnnà síra. Níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, ká ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àkókò tí ìṣàn wọn wáyé, ìpele mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ ìpàdé wọn. Mẹ́tàlá náà ni wọ́n bá. Ìdí ni pé ìṣàn méjèèjì máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó sì lè mi gbogbo etí òkun náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1700. Àkọsílẹ̀ ìgbì òkun tó dé Jàpáànù ni wọ́n fi mọ ọjọ́ rẹ̀.

Tí ìpele kan bá nípọn gan-an, ṣé ìṣàn ńlá ló fi í sílẹ̀?

Kì í ṣe dandan. Ìṣàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè wú ẹrẹ̀ òkè ìpele àtijọ́ kúrò, kó sì da iyanrìn tirẹ̀ lé iyanrìn tó bá níbẹ̀, méjèèjì á wá dà bí ẹyọ kan. Ẹ máa wá ìlà tí títóbi hóró ti yí padà lójijì, tàbí ègé ẹrẹ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín iyanrìn. Ibẹ̀ ni ìṣàn kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.